Àpá Eékún Méjì Nínú Oko Àlùbọ́sà

Mo búra, mo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Bíbélì tí mo fi owó ara mi rà: kò sí irọ́ ẹyọ kan nínú ìtàn Àlàkẹ́ alákàrà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Sókótó ló mọ̀ pé n kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìwé tí mo mọ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi, lára páálí ọṣẹ àti lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, láìjókòó níwájú tíṣà kankan. Ẹni tí orí rẹ̀ bá lè ṣe irú èyí, kí ló tún fẹ́ fi irọ́ ṣe? Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà tóbi jù lójú yín, Sókótó ni kí ẹ bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń tóbi níbẹ̀ láyé ìgbà náà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàkẹ́. Àdúgbò Mabera ló ń gbé, nínú agbo ilé alámọ̀ kan tí yàrá rẹ̀ tò yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà ló sì ti ń dín àkàrà láàárọ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀wà tí Àlàkẹ́ bá lọ̀ lórí ọlọ, tó pò, tó lù nínú ọpọ́n títí ó fi fúyẹ́ bí òwú, bó bá kan òróró ẹ̀pà gbígbóná, òórùn rẹ̀ á gba ìgboro kan. Àwọn ràkúnmí tó ń ru iyọ̀ bọ̀ láti ìhà aginjù máa ń dúró fúnra wọn bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, wọn kò sì ní rìn mọ́ àfi bí olówó wọn bá ra àkàrà. Mo fi ojú mi rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọbadáyà ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà. Ká má parọ́, kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe lónìí lè padà wá kí i lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti àdúrà. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa kékeré, kò sí ẹni tó lè dúró ti Ọbadáyà nídìí àdúrà. Bó bá dìde ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, àwọn ìyá á tú gèlè wò, wọ́n á tún un wé, wọ́n á fara ti ògiri, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Orúkọ Ọlọ́run mọ́kànlélógójì ló máa kọ́kọ́ pè kó tó tọrọ ohunkóhun. Ohùn rẹ̀ á gba orí páànù ilé ìjọ jáde, á sọdá ọ̀nà, á dé ibi tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń fọ lọ́rì, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ á sì ṣe àmín. Bó bá fẹ́ kí omijé bọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń ti bọ́, torí ọ̀tún ló kọjú sí ìjọ.

Àdúrà yìí gan-an ló tú ilé wọn ká.

Ọdún kẹjọ tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò tíì bímọ. Àlàkẹ́ kì í sọ ọ́ síta. Bí ó bá ń lọ ẹ̀wà láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó tán. Àfi bí Ọbadáyà ṣe dìde ní Ọjọ́rú kan, lójú gbogbo ìjọ, tó pe orúkọ mọ́kànlélógójì náà, tó wá ní:

“Baba, bojú wo inú ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ obìnrin Àlàkẹ́, inú tó tì pa bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sódò! Ọdún mẹ́jọ, Baba! Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Dárí jì í, kí o ṣílẹ̀kùn!”

Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ náà, erùpẹ̀ já láti orí àjà. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú yíjú sẹ́yìn wo Àlàkẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá mọ̀. Àmín náà dùn mọ́ Ọbadáyà débi pé ó tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ohun tó kù díẹ̀ káàtó kún un. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Àdúrà yẹn ga, arákùnrin! Ó ga!”

Nígbà tí Ọbadáyà yóò fi délé, Àlàkẹ́ ti kó ẹní rẹ̀, ọlọ rẹ̀ àti ọpọ́n rẹ̀ sí yàrá kejì tó ṣófo.

“Kí lèyí?” ni ọkọ wí.

“Ọlọ́run tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣé kì í ṣe òun náà ló wà nínú yàrá pẹ̀lú wa láti ọdún mẹ́jọ? Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún un níbẹ̀?”

“Àdúrà ni mo gbà fún ọ! Obìnrin mélòó lọkọ wọn ń gba irú àdúrà yẹn fún ní Sókótó yìí?”

“Ẹ ṣé o,” ni Àlàkẹ́ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún bára wọn sọ̀rọ̀.

Ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá méjèèjì. Láti ọjọ́ kejì ni Ọbadáyà ti bẹ̀rẹ̀. Bí àkùkọ bá ti kọ, á kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri náà, á gbé ohùn sókè: “Ọba tó mú Jónà jáde nínú ẹja, mú aya mi jáde nínú yàrá kejì! Ọba tó rọ ọkàn Ísọ̀ sí arákùnrin rẹ̀, rọ ọkàn líle kan báyìí tí kò jìnnà sí mi!” Á bẹ̀rẹ̀ láti inú Jẹ́nẹ́sísì, á gba ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì, kò sì ní ṣe àmín àfi bó bá dé ìparí Ìfihàn. Kò pa ọjọ́ kan jẹ ní ọdún mẹ́ta gbáko, òjò ni, ọyẹ́ ni.

Àlàkẹ́ náà kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ní ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún, bó ṣe ń lu ẹ̀wà nínú ọpọ́n, á gba tirẹ̀. Kò gùn. “Olúwa, pa á lẹ́nu mọ́. Àmín.” Tọkàntọkàn ló sì fi ń gbà á. Mo mọ àwọn ènìyàn mímọ́ tí wọn kò gba àdúrà kan tọkàntọkàn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn.

Ọkùnrin kan ń gbé ní yàrá tó dojú kọ tiwọn, Tàjúdíìn, ọmọ Ìlọrin, mùsùlùmí tó ń ta fìlà. Aláwàdà ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ra àkàrà bó bá ti kírun òwúrọ̀ tán.

“Ìyá Alákàrà,” ó wí lọ́jọ́ kan, “ẹ fún mi ní mẹ́fà. Mo ti ń gbọ́ tiyín láti ọdún mẹ́ta. Òun ní kí Ọlọ́run dá yín padà, ẹ̀yin ní kí Ọlọ́run pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run lọ́rùn sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.”

“Ẹ̀gbọ́n Tàjúdíìn, ẹ lọ kírun yín.”

“Mo ti kí i. Ọkọ yín ló jí mi, ládàánì tó ń pe ìrun ò tíì dìde lórí ẹní.” Ó bu àkàrà jẹ. “Òótọ́ ni mo ń bi yín. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, ṣé kò wọ̀ yín lára rárá?”

Àlàkẹ́ yí àkàrà tó wà nínú epo padà. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀? Bí mo bá bọ́ sẹ́yìnkùlé, á sinmi títí n óò fi padà. Bí mo bá húkọ́, á tún ibi tó dé kà, bóyá n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ní ìjọ, ìjọ ló ń gbàdúrà sí. Nílé, èmi ni. Ọjọ́ tó bá gba àdúrà níbi tí etí mi kò dé, ọjọ́ náà ni n óò mọ̀ pé ó fẹ́ mi.”

“Bí etí yín ò bá dé ibẹ̀, báwo lẹ ó ṣe mọ̀?”

Àlàkẹ́ bu ẹ̀wà mìíràn sínú epo. “Ẹ jẹ́ n dín àkàrà mi,” ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe wà tí lẹ́tà fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́ ọdún 1955. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ọ́. Ó ní kó máa bọ̀ wálé, pé òun ti rí ojú ìtàjà fún un, pé ó tó gẹ́ẹ́. Àlàkẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá gba ìjókòó nínú lọ́rì tí yóò lọ sí Gusau ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tí wọ́n wà, kó lè wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ dé Òṣogbo. Ó sọ fún Tàjúdíìn, ó sì sọ ọ́ ketekete, kí ògiri lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí n tó tẹ̀ síwájú, torí Àlàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó darúgbó: kò fẹ́ lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin aláriwo náà. Kì í ṣe àdúrà ló ń retí, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kó mọ ohun tó ṣe ní Ọjọ́rú yẹn ni, kó sì wí i. Bí lọ́rì Ọjọ́bọ̀ bá gbéra láìjẹ́ pé ó wí i, ó parí nìyẹn, kò ní padà wá sí Sókótó láyé.

Ọbadáyà gbọ́ ti lọ́rì. Ẹ ò rí i! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn tó jáde nínú yàrá yẹn, ìkòkò mi gbọ̀n lórí àga, bẹ́ẹ̀ ilé mi jìnnà sí tiwọn tó ìrìn wákàtí kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ọyẹ́ le, eruku gba ojú ọ̀run, Ọbadáyà kò jẹ́ kó dá òun dúró. Ó pe orúkọ mọ́kànlélógójì náà, ó fẹ́ wọ inú Jẹ́nẹ́sísì, ó ní “Ọba awí—”, ohùn náà sì ya, gááràrà, bí aṣọ tó há sí ìṣó. Ohun tó kù tó ń jáde kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀lọ́.

Ó gbìyànjú. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó tún gbìyànjú. Gbogbo agbo ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní yàrá kejì, Àlàkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. Ó wo òkè. “Olúwa,” ló wí, “ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ló fi tọrọ rẹ̀, ó ti gbà á, ó mọ́ tónítóní, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Ó jó díẹ̀ nídìí àkàrà. Ó fún Tàjúdíìn ní ènì méjì.

Ní ọjọ́ kejì, àkàrà rẹ̀ jóná.

Kò yé e. Ọjọ́ kẹta, àkàrà kan jóná, èkejì tútù nínú bí amọ̀. Àwọn Hausa tó ń ra tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dá a padà: “Káì, mai kosai! Kí ló ṣe ọ́?” Mai kosai ni wọ́n ń pè é, ìyẹn alákàrà. Ọjọ́ kẹrin ló tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń fi àdúrà Ọbadáyà díwọ̀n àkàrà láìmọ̀! Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, epo ti gbóná. Bó bá wọ inú ihò kìnnìún pẹ̀lú Dáníẹ́lì, àkókò tó láti yí i padà. Bó bá dé Ìfihàn, àkàrà ti pọ́n, kó kó o jáde. Ní báyìí tí ẹnikẹ́ni kò wọ ihò kìnnìún mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí lé ògiri. Kò gbọ́ ohunkóhun. Kódà kò gbọ́ mímí.

“Ẹ̀gbọ́n Tàjúdíìn,” ló wí, bí ẹni tí kò fiyè sí i, “ṣé ara gbogbo ènìyàn le nínú agbo ilé yìí?”

“Gbogbo ènìyàn bíi ta ni?”

“Gbogbo ènìyàn ni mo wí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Gbogbo ènìyàn yẹn ti ń gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ kùtùkùtù láti ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ ti lọ. Ọ̀nà tó lọ sí ìhà Arkilla ni mo rí i pé ó gbà. Bí oòrùn bá yọ, á padà dé, ẹrẹ̀ á wà léékún ṣòkòtò rẹ̀.”

“Ẹrẹ̀? Nígbà ọyẹ́?”

“Léékún méjèèjì.” Tàjúdíìn gbé ojú sókè bí ẹni tó ń ronú. “Èmi ò sọ nǹkan kan o. Àmọ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, bóyá ó ti wà lórí eékún níwájú ọ̀kan tí kò lọ síbì kankan.”

“Ó tọ́ sí i,” ni Àlàkẹ́ wí. Àkàrà ọjọ́ náà kò ní iyọ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, tó ku ọ̀la kí lọ́rì gbéra, Garba dé. Àgbẹ̀ ni Garba, Gidan Igwai ló ń gbé, àlùbọ́sà ló ń gbìn ní fàdámà, ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí kì í gbẹ, òun ló sì ń gbé àlùbọ́sà wá fún Àlàkẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ju àpò sílẹ̀, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n kíra wọn tán.

“Mai kosai, ọkọ rẹ ń ba ebè mi jẹ́.”

Hausa ni wọ́n jọ ń sọ. Àlàkẹ́ ní, “Ọkọ wo?”

“Ṣé ó lé ní ọ̀kan ni? Ti kẹ̀kẹ́. Olóhùn yẹn.”

“Kò lóhùn mọ́.”

“Wàlláhì, mo mọ̀! Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ló wọ ebè mi.” Garba jókòó. “Olè ni mo pè é. Mo rí kẹ̀kẹ́ lẹ́nu oko, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo mú kùmọ̀, mo ba sẹ́yìn igi tí a fi ń fami. Mo ní bó bá fọwọ́ kan àlùbọ́sà kan péré, n óò lù ú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ebè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fomi rin. Ó ń sọ èdè yín, n kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi orúkọ rẹ. Àlàkẹ́. Á dákẹ́. Á tún ní Àlàkẹ́. Ó ń sunkún, mai kosai.”

Àlàkẹ́ kò gbé ojú sókè. “Ojú wo ni omijé ti ń bọ́?”

“Ojú wo? Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ojú méjèèjì ni! Àti imú!”

“Bóyá ó mọ̀ pé o wà lẹ́yìn igi.”

“Bó bá mọ̀, ṣé yóò jẹ́ kí n rí imú rẹ̀ bẹ́ẹ̀? N kò lè nà án mọ́. Mo fi kùmọ̀ sílẹ̀, mo lọ gba ọ̀nà mìíràn. Òní ló pé ọjọ́ keje. Ojú kan náà ló ń kúnlẹ̀ sí. Wá wo àpá eékún rẹ̀, méjì, wọ́n jìn tó igbá ìmumi. Gbogbo irúgbìn tó wà níbẹ̀ ló ti kú. Ta ni yóò sanwó àlùbọ́sà mi?”

Àlàkẹ́ fa àpò náà mọ́ra. Ó bi í ibi tí oko náà wà gan-an.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mọ́, iná kò jó lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Tàjúdíìn ló bá a ru ẹrù lọ sí gáréèjì: ẹní, ọpọ́n, ọlọ, àpótí aṣọ. Àlàkẹ́ ní kó máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ró ìró mọ́ ara, ó dorí kọ fàdámà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ọ̀nà funfun fún eruku, ó ń bá ara rẹ̀ jà bó ṣe ń lọ. Ó ní bó bá jẹ́ irọ́ ni, òun á ti ibẹ̀ gba gáréèjì lọ tààrà. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Kò mọ èyí tó bẹ̀rù jù.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́nu oko. Àlàkẹ́ ba sẹ́yìn igi ìfami bí Garba ṣe ṣe é. Ọbadáyà wà lórí eékún láàárín ewé àlùbọ́sà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i. Orí rẹ̀ tẹ̀ débi pé Àlàkẹ́ rò pé oorun ti gbé e lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mímí lọ. Kò sí orúkọ mọ́kànlélógójì.

“Olúwa, Ọbadáyà ni. Òní ló ń lọ. N kò ní kí o dá a dúró mọ́.”

Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ní kí o rọ ọkàn rẹ̀. N kò sọ tèmi fún ọ. Mo gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ sí ojú agbo kí wọ́n lè ṣe àmín fún mi. Ó dùn mọ́ mi, Olúwa. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó dùn. Mo ní ìwọ lo mọ ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Bóyá ọ̀dọ̀ mi gan-an ni ọ̀ràn náà wà, n kò bi ọ́ rí, torí n kò fẹ́ kí o dá mi lóhùn.”

Ó fi ọwọ́ nu imú.

“Jẹ́ kí lọ́rì yẹn má bàjẹ́ lọ́nà. Èébì máa ń gbé e nínú mọ́tò. Jẹ́ kó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Àlàkẹ́ ni o, Olúwa. Àlàkẹ́ ni.”

Lẹ́yìn igi ìfami, Àlàkẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Ìjókòó iwájú ni mo gbà.”

Ọbadáyà fò, ó yíjú padà, kò lè dìde. “O ti pẹ́ níbẹ̀?”

“Mo gbọ́ ti Ọjọ́rú.”

Ọkùnrin tó mọ orúkọ Ọlọ́run mọ́kànlélógójì la ẹnu, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un là. “Mo ṣẹ̀ ọ́,” ló wí. “Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an.”

Àlàkẹ́ dúró. Oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ́n, eruku bò ó lójú. Ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbọ́ fèrè lọ́rì ní gáréèjì: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àlàkẹ́ ní, “Ẹ dìde. Ẹ̀ ń pa àlùbọ́sà alálùbọ́sà.”

“Mai kosai!” Garba lọgun ní Hausa láti ẹ̀bá odò, ọwọ́ rẹ̀ dì mú igbá omi. “Ìwọ náà dúró lé e lórí! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde lóko mi!”

Kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n gùn padà wálé, Àlàkẹ́ lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ tí Ọbadáyà fúnra rẹ̀ tún ṣe ni, nítorí náà wọ́n rin ìdajì ọ̀nà. Lọ́rì ti gbé ẹrù lọ ní tirẹ̀. Ọlọ Àlàkẹ́ dé Gusau láìsí Àlàkẹ́, ó lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún níbẹ̀ kí dẹ́rẹ́bà tó dá a padà, obìnrin náà sì wọ yàrá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tàjúdíìn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ó ní, “Ìyá Alákàrà, ẹrù tí mo rù débẹ̀ wúwo o. Ṣé ẹ ò lè ti àná tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, kí ọrùn mi sinmi?”

Ohùn Ọbadáyà padà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Inú ìjọ dùn. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó dìde kó jẹ́rìí, kó sì gba àdúrà. Àwọn ìyá tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n fara ti ògiri. Èmi gan-an jókòó dáadáa. Ọbadáyà dìde. Ó wo ibi tí Àlàkẹ́ jókòó sí. Ó ní, “Olúwa, o gbọ́ tiwa. A dúpẹ́. Àmín.” Ó jókòó.

Àwọn kan kò tíì dijú tán. Alàgbà kan rò pé àìsàn náà ló padà, ó ránṣẹ́ wá oyin fún un. Àwọn mìíràn nínú ìjọ kò dárí jì í títí dòní; wọ́n ní Àlàkẹ́ ló ba ẹ̀bùn ọkùnrin náà jẹ́. Àwọn tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ti kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sódò, kò sí ọ̀kan tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìí.

Àwọn tọkọtaya náà kò sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi darúgbó. Bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

“Ọdún mẹ́ta ni mo fi ní kí Ọlọ́run dá a padà,” ni Ọbadáyà á wí, “ó sì dá a padà.”

“Ẹ gbọ́ tirẹ̀,” ni Àlàkẹ́ á wí, bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà. “Bí Ọlọ́run kò bá kọ́kọ́ gbọ́ tèmi, kó pa yín lẹ́nu mọ́, ṣé tiyín ì bá ti ṣẹ?”

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí pé kí n sọ pé wọ́n bí ìbejì lẹ́yìn náà. Ẹni tó fẹ́ràn irọ́ ì bá ti bí ìbẹta fún wọn níbí yìí. Wọn kò bímọ. Wọ́n jọ gbé, àkàrà kò jóná mọ́, àdúrà wọn kò gùn, kò sì sí ẹni tó ń fi etí lé ògiri.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó wọ ọkọ̀ wá sí Sókótó, kó bèèrè Garba alálùbọ́sà ní Gidan Igwai. Ó ṣì wà láyé, irun rẹ̀ ti funfun, etí rẹ̀ kò di. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà pe Àlàkẹ́, ẹ fi ọwọ́ kan eékún yín. Yóò dìde, yóò mú yín lọ sí fàdámà, yóò fi ojú ibi méjì hàn yín láàárín ebè, níbi tó sọ pé àlùbọ́sà kò tíì gbà láti hù dáadáa títí di òní, yóò sì tún bi yín ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.